Ọwọ́ Kan Tí Mi Ò Kọ Sínú Ìwé

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Kẹta
Wọ́n ti lẹ ìwé ìdíje mọ́ ara pátákó nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èrò ìṣèlú ní yunifásítì yìí, lórí àga àdelé, bí àlejò tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ilé títí onílé yóò fi dé. Ní báyìí wọ́n fẹ́ fi àga náà síta. Àkòrí méje ni yóò wà nínú àpò, wọn á fa ọ̀kan yọ lójú wa, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn kí kálukú wá kọ́ ìgbìmọ̀ ní ẹ̀kọ́ náà bí ẹni ń kọ́ ọmọ.

Ìkarùn-ún ni tèmi: ìṣèlú ohùn-aráàlú àti ìṣèlú àjùmọ̀ní, bí wọ́n ṣe jẹ́ síra wọn. Mo ti kọ odidi ìwé lé e lórí. Bí ọwọ́ bá kan òun nínú àpò, mo ti jókòó nìyẹn.

Mo ra ìwé yìí fún ìmúrasílẹ̀. Ooru kò tíì lọ. Búrẹ́dì ti di pẹ́sò márùndínlọ́gọ́ta fún kílò kan.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Kẹta
Anselmo Galarza wá sílé. Òun ni alága ẹgbẹ́ àdúgbò wa, èmi ni akọ̀wé. Àwọn èèyàn ń pè é ní Akọ Màlúù nítorí ọrùn rẹ̀, òun náà sì fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ òrùlé ló bá wá. Láti ìgbà tí òjò yìnyín oṣù Kejì ti lu páànù gbọ̀ngàn wa di ajẹ̀rẹ̀, inú agbami ni àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ fún wa lówó páànù bí ìwé wa bá mọ́. Ṣùgbọ́n sáà kejì Anselmo gẹ́gẹ́ bí alága ń parí lọ nínú oṣù Keje, òfin ẹgbẹ́ kò sì gbà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

"Èmi ò wá oyè o, Nidia," ló wí, ó ń fa mate, tíì ewé mi, bí ẹni pé òun ló se é. "Ìyàwó mi ti ní kí n kó pílò mi lọ sí ẹgbẹ́, pé ibẹ̀ kúkú ni mò ń gbé."

"Òfin sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì."

"Òfin ò mọ ẹni tó ń fọwọ́ sí owó òrùlé lọ́hùn-ún. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo mọ orúkọ ajá rẹ̀ pàápàá. Bí mo bá kúrò lónìí, owó náà ti bá mi kúrò."

Mi ò lè pè é ní òpùrọ́. Lọ́dún tí ilé ìfowópamọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa, òun ló gbé ìkòkò kaná ní gbọ̀ngàn náà, igba ọmọ ló ń jẹun níbẹ̀ lóòjọ́. Bàbá mi, tó ru àpò ní èbúté títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, ti kọ́kọ́ lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbà á sí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ojú omi lókè odò, níbi tí wọ́n ti gbé àwòrán àwọn baba ìlú kọ́ ògiri. Wọ́n ka òfin wọn fún un lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ nípa ìwà ọmọlúàbí àti àwọn ẹlẹ́rìí méjì, wọ́n sì ní kó máa lọ. Ẹgbẹ́ Anselmo ni wọ́n ti ní kó wọlé. Nígbà tí mo bá ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá mi nípa àwọn tí òfin tì síta, bàbá mi ni mò ń rí, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Kẹta
Ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Bí àádọ́fà ènìyàn ló wá, ooru mú, àwọn ìyá ń fi ìwé ètò ìpàdé fẹ́ ara wọn. A yan àwọn méjì tí yóò fọwọ́ sí ìwé ìpàdé pẹ̀lú alága àti akọ̀wé: Barraza alápatà, àti Tíṣà Ercilia Ponce. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń yan Tíṣà fún iṣẹ́ yẹn. Òun ló ń ṣọ́ yàrá ìkàwé ẹgbẹ́, òun ló sì kọ́ mi ní kíkà àti kíkọ, èmi àti ìdajì àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn.

Anselmo sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Ó ní, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà! Ta ló ń pàṣẹ níhìn-ín, ṣé bébà ni àbí ẹ̀yin?" Wọ́n ní, "Àwa ni!" Ó ní ta ló fẹ́ kí á yọ ìlà kejì nínú abala kọkàndínlógún, èyí tó ní kí alága má ṣe ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kí òrùlé lè dúró. Àtẹ́wọ́ sọ bí òjò. Àwọn kan ń lu àga.

Ọwọ́ kan wà lókè. Tíṣà Ercilia. Kò pariwo, ó kàn na ọwọ́ bí ọmọ iléèwé, ó sì fi í síbẹ̀.

Èmi gan-an ló kọ abala tó wà fún irú èyí. Ọdún méjìlá sẹ́yìn, nígbà tí a ń tún òfin ṣe, èmi ni mo ní kí wọ́n fi sí i: àtẹ́wọ́ lè yí òfin padà bí kò bá sí ẹni tó takò ó, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ pé rárá, kí ìdìbò bọ́ sínú àpótí, ní ìkọ̀kọ̀, lọ́jọ́ mìíràn. Inú mi dùn sí abala yẹn débi pé mo fi ṣe àlàyé ìsàlẹ̀ nínú ìwé mi.

Anselmo rí ọwọ́ náà. Ó ní, "Ẹ wo Tíṣà wa! Abíyá ni wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kọ ọ́ síhìn-ín kedere nítorí mo ti ń gbìyànjú láti ìrọ̀lẹ́ láti rántí pé mi ò rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín, eyín mi hàn síta.

Anselmo tẹ̀ sí etí mi: "Kọ ọ́ pé gbogbo wa." Mo kọ ọ́: láìsí ẹni tó takò ó.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Kẹta
Mi ò kàwé. Mo nu fèrèsé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Kẹta
Yàrá ìkàwé wà ní títì láti ọjọ́ ìpàdé. Barraza ti fọwọ́ sí ìwé ìpàdé láì ka nǹkan kan, ọwọ́ rẹ̀ fi ọ̀rá sára bébà. Tíṣà nìkan ló kù. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹrin ni ìwé gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ìjọba.

Anselmo ní, "Ìwọ lo máa lọ bá a. Ìwọ ló fẹ́ràn jù. Èmi, bó bá rí mi, ìwé àmúrelé tí mi ò ṣe ní 1966 ló máa kọ́kọ́ bèèrè."

Ọjọ́rú, 28 oṣù Kẹta
Mo ra búrẹ́dì adùn méjìlá, mo lọ bá Tíṣà. Ojú rẹ̀ ti burú ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọ̀ funfun ti bo méjèèjì, oṣù mẹ́tàlá ló ti ń retí kí iṣẹ́ abẹ kàn án. Ó ń fi ìka wá etí ife kó tó da omi sí i.

"Ṣé ọwọ́ mi wà níbẹ̀?" Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn, kó tó bèèrè àlàáfíà mi. "Nidia, mi ò bínú sí ẹ̀rín o. Mo ti kọ́ ọmọ fún ogójì ọdún, kí lẹ̀rín jẹ́? Àní ṣé o kọ ọ́? Bó bá wà níbẹ̀, mo máa fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí, má wulẹ̀ ṣí ìwé náà."

"Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín, Tíṣà," ni mo wí.

Mo ṣí ìwé, mo sì kà á. Mo ka ọjọ́, mo ka iye ènìyàn, mo ka ọ̀rọ̀ Anselmo. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ẹnu mi kò dúró rárá. Mo ka ohun tí kò sí níbẹ̀: "Arábìnrin Ercilia Ponce nìkan ló takò ó, nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí òfin, a ó gbé àpótí ìdìbò kalẹ̀ lọ́jọ́ tí a ó kéde." Mo tilẹ̀ fi àmì ìdánudúró sí i bó ṣe yẹ kó wà. Ohùn mi dára. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ìwé sókè, pé kí n má sáré, kí n máa mí níbi tí àmì bá wà.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé wàá kọ ọ́." Ó ní kí n fi ìka òun sí ojú ìlà. Mo di ìka rẹ̀ mú, mo gbé e síbẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i, lẹ́tà rẹ̀ ṣì dára ju tèmi lọ.

Ó gbé búrẹ́dì mẹ́fà fún mi padà sílé, pé òun ò lè dá jẹ méjìlá.

Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù Kẹta
Mo ti wá àwáwí títí. Òrùlé fún àwọn ọmọ. Anselmo kì í ṣe olè. Bí a bá tilẹ̀ gbé àpótí kalẹ̀, òun náà ni yóò wọlé. Kò sí èyí tí kì í ṣe òótọ́ níbẹ̀, kò sì sí èyí tó kan ohun tí mo ṣe. Ojú ń tì mí débi pé mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ ra ẹyin, kí n má bàa kọjá níwájú fèrèsé rẹ̀, ẹni tí kò ríran.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹrin
Ìwé ti wọlé. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lù ú. Anselmo fi ẹnu ko iwájú orí mi. Odò ti ń kún, ó ti dé àtẹ̀gùn kejì ní èbúté.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kẹrin
Wọ́n ti pe Tíṣà fún iṣẹ́ abẹ ojú, ojú ọ̀tún lọ́sẹ̀ yìí, tòsì ní ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló sọ fún mi ní ilé oníbúrẹ́dì, inú rẹ̀ ń dùn. Èmi náà ní, "Ọpẹ́ o!" Ẹ̀rù bà mí. Ìyá tó kọ́ mi ní kíkà fẹ́ ríran, ẹ̀rù sì ń bà mí. Irú èèyàn wo ni mo jẹ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Karùn-ún
Owó dọ́là fò lọ sókè ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí. Ewé mate ti di àádọ́fà pẹ́sò. Ní ilé ìtajà, kò sí ẹni tó lẹ iye mọ́ nǹkan mọ́, wọ́n ní kí á bi wọ́n. Wọ́n ti kó páànù tuntun dé gbọ̀ngàn kí iye tó tún yí. Anselmo ló gun òkè fúnra rẹ̀, ẹni ọgọ́ta ọdún, tòun ti ọrùn yẹn.

Mo ń kàwé dáadáa. Ìyẹn gan-an ló ń dójú tì mí. Orí mi kò pé tó báyìí rí.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Karùn-ún
Ledesma, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá díje láti olú-ìlú, ni wọ́n ní kó ki ọwọ́ bọ àpò. Ìkarùn-ún.

Ọjọ́rú, 16 oṣù Karùn-ún
Ní gbangba ni wọ́n ń ṣe ẹ̀kọ́ ìdíje, ẹnikẹ́ni lè wọlé jókòó, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ nìkan ló lè sọ̀rọ̀. Ènìyàn mẹ́wàá kì í sábà pé. Nígbà tí mo gbé orí sókè láti bẹ̀rẹ̀, Tíṣà Ercilia wà ní ìlà iwájú, ó wọ kóòtù tó fi ń lọ ìsìnkú, ó sì fi gíláàsì dúdú bojú. Ó wọ bọ́ọ̀sì méjì kó tó débẹ̀.

Mo sọ ọ́, ó sì dùn. Mo ní ìṣèlú ohùn-aráàlú máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn tí wọ́n tì mọ́ ìta bá ti sọ pé àwa náà ni ìlú, òótọ́ sì ni wọ́n ń sọ. Ó máa ń bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní àwa nìkan ni ìlú. Mo ní ìṣèlú àjùmọ̀ní sọ pé ìlú kì í ṣe ti ẹnì kan, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ àánú ẹlòmíràn, bí onítọ̀hún tilẹ̀ jẹ́ onínúure. Ẹrú tí olówó rẹ̀ ń bọ́ yó, ẹrú ni. Mo ní ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi dá ẹjọ́ ara rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ àwọn olófin tó sọ òfin di ilẹ̀kùn lójú àwọn tálákà, mo sì rí fìlà bàbá mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo parí rẹ̀ pé àwọn méjèèjì kò lè ṣe kí wọ́n má nílò ara wọn: ọ̀kan ló ń ṣí ilẹ̀kùn, èkejì ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣí i fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà tó wá láti Córdoba yọ gíláàsì rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yín dára, Arábìnrin Scarponi. Ṣùgbọ́n níbo lẹ ti rí àwọn méjèèjì nínú ilé kan rí?"

Mo sọ ti ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Mo sọ abala mi fún wọn, pé níbẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo lè dá àtẹ́wọ́ ọgọ́rùn-ún dúró. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti lò ó rí?"

Mo ní, "Rárá. Kò tíì sí ẹni tó nílò rẹ̀."

Tíṣà kò mira. Wọn kò gba ará ìta láyè láti sọ̀rọ̀, òun sì ni ẹni tó máa ń pa òfin mọ́.

Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "O sọ̀rọ̀ dáadáa. Ohùn ẹ dé ẹ̀yìn yàrá." Ó tún ṣe kóòtù mi lọ́rùn. "O gbàgbé ọwọ́ mi."

"Ìpayà ni, Tíṣà."

"Ó lè jẹ́. Àpótí ńkọ́? Ìgbà wo la máa dìbò?"

"Bí òrùlé bá ti parí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù Karùn-ún
Èmi ni mo gba ipò àkọ́kọ́. Nínú ìwé ìdájọ́ wọn, wọ́n yin "àpẹẹrẹ tó wúni lórí láti inú ìgbésí ayé ẹgbẹ́ àdúgbò rẹ̀." Mo kà á ní ìdúró, mo sì lọ jókòó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olùkọ́ títí ojú mi fi gbẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Karùn-ún
Ayẹyẹ orílẹ̀-èdè. Locro ní gbọ̀ngàn lábẹ́ páànù tuntun, àgbàdo, elégédé àti ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìkòkò mẹ́ta. Òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀kán kan kò sì kán sí wa lára. Àwọn ọmọ kan ṣeré ti àwọn baba ńlá wa tí wọ́n dúró sínú òjò níwájú ilé ìgbìmọ̀ ní àtijọ́, tí wọ́n ń pariwo pé aráàlú fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé. Anselmo gbé mi dìde níwájú gbogbo èèyàn: "Ọ̀jọ̀gbọ́n wa! Ọmọ alábàárù èbúté!" Àtẹ́wọ́.

Tíṣà jókòó sí tòsí ìkòkò. Gíláàsì dúdú ti lọ, ojú rẹ̀ mọ́ bíi ti ọmọdé. Ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò ìyẹ̀fun, ó ń ka nọ́mbà ara aṣọ àwọn ọmọ.

Ó ní, "Mo ti ń kàwé padà. Mo ti ka ìwé ilé mi tán, títí kan ti oògùn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mo máa ṣí yàrá ìkàwé. Mo fẹ́ ka ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní ọ̀rá ló mú un yọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹfà
Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò lo ogún ọdún, kò tilẹ̀ lo ogún ọ̀sẹ̀. Mo fi ìwé ìpàdé sábẹ́ kóòtù, mo gbé e lọ bá a kó tó wá a wá. Mo ṣí i síwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

Ó wọ gíláàsì tuntun, ó sì kà á, kò sáré, ó ń mí níbi tí àmì wà. Ó dé ibẹ̀. Ó padà sókè, ó tún un kà. Ó fi ìka sí orúkọ ara rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí mo di ìka yẹn gbé e sí.

"Ìwọ lo kà á fún mi?"

"Èmi ni, Tíṣà."

"Kì í ṣe àṣìkà?"

"Kì í ṣe àṣìkà."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́, mo ní kí ó foríjì mí, mo ń sunkún bí ọmọ ọdún méje, ní ibi tí mo ti jókòó ní ọmọ ọdún méje gan-an. Ó gbé ọwọ́ sókè pé ó tó.

"Dìde, má fi ẹkún ba bébà jẹ́. Bó bá jẹ́ èmi nìkan lo parọ́ fún ni, mi ò bá ti dárí jì ọ́, kí á sì mu mate. Àwọn àádọ́fà yẹn ńkọ́? Gbogbo wọn ló ń gbé lábẹ́ irọ́ yẹn. Lọ sọ fún àwọn náà."

Ọjọ́rú, 6 oṣù Kẹfà
Mo sọ fún Anselmo. Mo rò pé yóò jágbe. Ó kàn jókòó sórí àpò símẹ́ǹtì.

"O ka òmíràn fún un? Tíṣà Ercilia?"

"Ìwọ lo ní kí n lọ gba ọwọ́ rẹ̀."

"Mo ní kí o gbà á wá. Mo rò pé wàá bẹ̀ ẹ́ ni, tàbí kí o bá a jà. Mi ò ní kí o tan afọ́jú jẹ, Nidia." Ó nu ojú. "Èmi mọ̀ pé mo fi àwọn èèyàn ṣe ariwo. Ìwọ lo mọ̀wé. Mo rò pé bí mo bá ń ṣàṣejù, ìwọ lo máa dá mi dúró."

N bá kúkú fẹ́ kó gbá mi létí.

Ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù Kẹfà
Òtútù mú. Ìpàdé pàjáwìrì, láti jíhìn lórí òrùlé. Mo bèèrè àyè ọ̀rọ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ọwọ́ tó wà lókè, ohun tí mo kọ, ohun tí mo kà. Mo sọ ọ́ ní ìdúró. Mo ní kí á tún ìwé ìpàdé oṣù Kẹta ṣe, kí á kọ orúkọ Tíṣà síbẹ̀, kí á sì gbé àpótí kalẹ̀ bí òfin ṣe wí.

Barraza ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣé kí ìjọba wá ká páànù wọn nìyẹn?" Ariwo ta. Ìyá kan ní, "O ti rí iṣẹ́ tìẹ gbà tán, òrùlé àwa lo wá fẹ́ ṣí!" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára nítorí kò sí irọ́ níbẹ̀.

Anselmo gbé ọwọ́ kí wọ́n dákẹ́. Ó wò mí, mo sì rí i pé kò wù ú, ṣùgbọ́n wọ́n ń wojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́, ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ta ló fẹ́ kí ìwé wà bó ṣe wà?" Àtẹ́wọ́ sọ bí òjò, lábẹ́ páànù tuntun ó tún dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ta ló fẹ́ kí á tún un ṣe?"

Mo na ọwọ́. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí abíyá!" Ẹ̀rín náà ni, ẹ̀rín kan náà. Mo wo Tíṣà. Ó jókòó gbọnrangandan ní ìlà iwájú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí báàgì rẹ̀. Kò gbé wọn.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìpàdé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló borí. Ìwé oṣù Kẹta yóò wà bó ṣe wà. Mo jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀: ẹnì kan ló takò ó.

Nígbà tí wọ́n ń to àga jọ, tí òórùn sọ́séèjì ti gba ẹnu ọ̀nà, Tíṣà wá fọwọ́ sí i. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó kà á fúnra rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó fi ìka kan ìlà kan.

"'Ẹnì kan' kẹ̀? Ẹni yẹn ò lórúkọ? Kọ orúkọ ẹ."

Mo kọ ọ́: Nidia Scarponi. Ó fọwọ́ sí i.

"Tíṣà, kí ló dé tẹ́ ò gbé ọwọ́ sókè?"

Ó wò mí pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. "Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń dìbò lé lórí. Ṣebí ìwọ lo sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, pé ẹnikẹ́ni kì í dá ẹjọ́ ara rẹ̀? Mo gbọ́ ọ." Ó de bọ́tìnnì kóòtù, ó sì lọ ra sọ́séèjì tirẹ̀.

Mo ti ṣí ìwé ẹgbẹ́ náà síwájú mi báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá kà á ní àádọ́ta ọdún sí i, yóò rí i pé ẹnì kan dúró nínú ẹgbẹ́ yìí lọ́dún òrùlé, tó sọ pé rárá nígbà tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́, orúkọ rẹ̀ sì ni Nidia Scarponi. Yóò ṣí ojú ewé padà sí oṣù Kẹta, yóò sì rí Ercilia Ponce láàrin àwọn tó pàtẹ́wọ́, ó tilẹ̀ fọwọ́ sí i, lẹ́tà rẹ̀ dára.

Ìwé tèmi yìí nìkan ló kù. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta, ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, Ercilia Ponce na ọwọ́ sókè, òun nìkan, ó sì sọ pé rárá.